Ẹ̀jẹ̀ Ìyàndá, Láti Ọyẹ́ Títí Dé Àkọ́rọ̀ Òjò

Ọjọ́ Ajé, 5 Jánúárì 1998

Ọyẹ́ ọdún yìí le. Ètè mi ti bẹ́, àdín àgbọn kò ràn án. Bàbá Ìní, ọkọ mi, wúkọ́ lẹ́yìn sààrì títí ojú rẹ̀ fi pọ́n.

Ó ti tó ọdún kan tó ti jáwọ́ nínú sìgá. Ààwẹ̀ èṣí ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí òun bá lè fi ọ̀sán sá fún un, òun lè fi òru náà sá fún un. Ọgbọ̀n ọdún ló fi mu ún, láti ìgbà tó ti ń ru irin iṣẹ́ kiri inú igbó Akínyẹlé fún àwọn awọnlẹ̀, kí òun náà tó di awọnlẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Mo gbà á gbọ́. Ikọ́ nìkan ni kò gbà á gbọ́.

(Bó bá rí i pé "ó" ni mò ń pe òun nínú ìwé yìí, á ní ìyàwó òun ti di ọ̀gá.)

Dókítà Mojíbọ́lá láti ilé ìwòsàn ńlá wá sí láàbù wa lónìí, ó fẹ́ yá ẹ̀rọ àti fíríìsà wa lò. Ọmọdébìnrin ni, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sì ń kúnlẹ̀ kí gbogbo ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Àwa tí ń fi ìgò tọ́ ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní láàbù mọ̀ pé ọmọ mẹ́wàá lè jáde lára ìyá kan kí ọ̀kan nínú wọn di aràrá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí lẹ́tà kan tó yí padà nínú DNA rẹ̀, ìyẹn ìwé ìtọ́ni tí a bí mọ́ ọn. Àwọn àmì kéékèèké tí ń bà lé e lórí ló yàtọ̀, àwọn tí ń sọ fún ara pé kí ó ka ibí, kí ó fo ọ̀hún. Dókítà ní èéfín sìgá ń da irú àmì bẹ́ẹ̀ rú nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n máa ń padà sí ipò wọn bí ènìyàn bá jáwọ́, àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Ó ń wá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń mu, ti àwọn tó ti jáwọ́, àti ti àwọn tí kò mu rí.

Orúkọ ọkọ mi ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó ronú.

Ọjọ́rú, 14 Jánúárì

Dókítà wá gba ẹ̀jẹ̀. Bàbá Ìní ní kò sí ẹni tí yóò gún òun lábẹ́rẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà Dókítà bá wa ṣínu. Àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná. Ó jẹun dáadáa, kò ṣe bí ọ̀mọ̀wé.

"Ẹ rọra fà á o, Dókítà," Bàbá Ìní ní. "Pẹtiróòlù ti wọ́n nílùú, ẹ̀jẹ̀ nìkan ló kù."

"Bàbá, látìgbà tẹ́ ẹ ti jáwọ́, ṣé ẹ ò mu ẹyọ kan péré?"

"Ẹyọ kan kẹ̀? Ìṣáná gan-an mi ò fọwọ́ kàn án, ìyàwó mi ló ń ṣá a sí sítóòfù."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lòun á máa wá gbà á, kí òun lè rí i bó ṣe ń yí padà.

Lẹ́yìn tó lọ, Bàbá Ìní bi mí pé kí ni wọ́n ń wá gan-an. Mo ṣàlàyé. Ó ronú sí i. "Bíi píláà ààlà nìyẹn," ó ní. "Ẹnì kan ti ṣí i nípò. Wọ́n fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ti rì í padà síbi tó wà." Mo ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Inú mi dùn pé ó yé e kánmọ́kánmọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 18 Jánúárì

Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà fún Ìyá Àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn. Ó ní kí n má dúró de èsì kí n tó dúpẹ́.

"Ẹni tó dúpẹ́ lẹ́yìn tó rí i tán, kí ló fi yàtọ̀ sí kèfèrí? Ẹ dúpẹ́ sílẹ̀, Ìyá Ìní. Ẹ jẹ́ kí èsì wá bá ọpẹ́ nílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é nínú ìjọ wa. Arábìnrin tí kò tíì lóyún á gbé fìlà ọmọ tuntun wá sórí pẹpẹ. Ẹni tí kò nílé á gbé búlọ́ọ̀kù kan wá. Mo ti rí i tó ṣẹ. Mo ti rí i tí kò ṣẹ náà, ṣùgbọ́n a kì í sọ̀rọ̀ àwọn yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 30 Jánúárì

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo din ẹran, gbogbo àdúgbò bù ú jẹ. Ìníolúwa ọmọ wa kò lè wá láti Ìlọrin, owó ọkọ̀ ti di ìlọ́po méjì nítorí epo. Bàbá rẹ̀, tó ń pè é ní Ráṣídá, ń wo ẹnu ọ̀nà ṣáá. "Ráṣídá ì bá ti jẹ ìfun yìí tán," ó ní.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo bi í bóyá ó lè bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀rín pa á. "Èmi Ìyàndá?" Nígbà tó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdọọdún lò ń se oúnjẹ ọdún mi. Màá bá ọ lọ."

Ọjọ́ Ìsinmi, 1 Fẹ́búárì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ṣe ọdún. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó sì jókòó sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin bí ẹni tó wà ní ilé àna. Mo gbé èso wá, ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àgbọn, pẹ̀lú ìgò oyin kan àti àbẹ́là. Nígbà tí wọ́n gbé tùràrí kọjá lára rẹ̀, ikọ́ gbé e. Ó jáde lọ wú u tán, ó padà wọlé, ó ní kí wọ́n má bínú.

Wòlíì Jacob ní kí n sọ̀rọ̀. Ohun tí mo pinnu láti sọ ni pé mo dúpẹ́ pé ọkọ mi jáwọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlù ń dún, gbogbo ojú wà lára mi, Ìyá Àdúrà ń mi orí sí mi, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Nígbà tí èsì bá dé, wọn ò ní rí àmì kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi!" Halelúyà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé páànù òrùlé.

Èmi ni mo sọ ọ́. Èmi tí mo ti rí aràrá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn sóko, tó ń ṣe aràrá lọ lọ́dọọdún, tí ilẹ̀ ọlọ́ràá kò sì gbà á sílẹ̀.

A ń rìn bọ̀ wálé ní Moniya, eruku ọyẹ́ bò wá. Bàbá Ìní dúró lójú ọ̀nà. "Títí, ṣé òótọ́ ni? Mi ò bi àwọn wọ̀nyẹn. Ìwọ lò ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, ìwọ ni mò ń bi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọjọ́bọ̀, 5 Fẹ́búárì

Kò sí iná mànàmáná láti ọjọ́ Ajé. Jẹnẹrétọ̀ láàbù kò ní epo dísẹ́ẹ̀lì. Mo wọ ọkọ̀ dé Ṣáṣá lọ ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja kí àwọn ẹ̀jẹ̀ má bàa bàjẹ́. Gbogbo aṣọ mi ń rùn bí ẹja tútù.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Fẹ́búárì

Bàbá Ìní tún ti ń súfèé. Mo ti gbàgbé pé ó mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ hàn òun pé ẹ̀jẹ̀ òun ti dà bíi ti ọmọ tuntun. Ọkùnrin tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ àyàfi ohun tó bá fi tẹ́ẹ̀pù wọ̀n! Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń bi mí pé, "Ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́?" bí ẹni ń bèèrè ọmọ tó rán níṣẹ́.

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo kọ ọ́ síbí torí pé n kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 26 Fẹ́búárì

Èsì jáde.

Dókítà gbé fíìmù tí èsì wà lára rẹ̀ sójú fèrèsé, ó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá wa, èmi náà dúró lẹ́yìn wọn. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi la fi ṣe é, mo mọ àyè tí ti ọkọ mi wà. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń wò. Ní méjì, Bàbá Ìní ti ń kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń mu, ó ń sún mọ́ àwọn tí kò mu rí. Kò tíì débẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ní ẹ̀kẹta, kò mira. Tirẹ̀ àti ti àwọn tó ṣì ń mu, ọgbọọgba ni.

"Ẹ wo eléyìí, sà," Dókítà ń sọ fún ọ̀gá, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọdún kan ló ti jáwọ́ o. Àfi bíi pé àárọ̀ yìí ló mu ún."

Mo bi í pé ọdún mélòó ló máa gbà kí ibẹ̀ yẹn náà tó padà.

Ó yíjú sí mi. Ó ti yé e pé ọkọ mi ni. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mà, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀. Ó lè pẹ́ gan-an. Ó lè má padà mọ́."

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún bí ẹni tí ìyá rẹ̀ kú.

Ọjọ́ Ìsinmi, 1 Máàṣì

Wòlíì Jacob pè mí síta: "Ìyá Ìní, èsì ńkọ́?" Mo ní kò tíì jáde. Nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, níwájú pẹpẹ, mo purọ́. Ohun kan náà ni mo sọ fún Bàbá Ìní nígbà tí mo délé.

Ọjọ́rú, 4 Máàṣì

Mo ń bẹ iṣu. Ó jókòó tì mí lórí àpótí. "Títí, ó ti yẹ kó jáde."

N kò lè pa irọ́ mìíràn mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ibi méjì tó ń padà bọ̀ ni mo fi ṣáájú, mo na ọ̀rọ̀ wọn, mo ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Kò gbọ́ wọn. Ẹ̀kẹta nìkan ló gbọ́.

"Ó dà bíi pé mò ń mu ún?"

"Níbẹ̀ yẹn nìkan ni o, Bàbá Ìní."

"Ọdún kan." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú ìsọ̀ onísìgá tí itọ́ ń kún ẹnu mi."

Mo fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n iṣu wà lọ́wọ́ mi, ó ń yọ̀. Ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò gbóhùn sókè: "Ojú àpá ò lè jọ ojú ara, kì í ṣèní. Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ fún mi látilẹ̀, mo lè gbà á. Ìwọ lo sọ pé ó máa jọ ọ́. O sọ ọ́ lójú àwọn èèyàn rẹ. Mo dá ọ dúró lọ́nà, mo bi ọ́, o tún sọ ọ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti fọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi, 8 Máàṣì

Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Àdúrà ní àárọ̀ yìí, mo rò pé ọkàn mi á fúyẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, òun àti àwọn ìyá méjì tẹ̀ lé mi wálé. Bàbá Ìní fún wọn ní omi tútù.

"Bàbá Ìní, ẹ má bínú sí wa," Ìyá Àdúrà ní. "Ọlọ́run ò purọ́. Ẹ̀rọ òyìnbó náà ò purọ́. Ta ló wá kù?"

Bàbá Ìní kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Ẹ ní mò ń mu ún ní kọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú ni mo sọ. Bó bá wà níbì kan, ẹ jẹ́ ká mú un jáde, ká gbàdúrà sí i."

Ó dìde. Èmi rò pé ó fẹ́ lé wọn ni. Àfi bó ṣe ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, tó fà dírọ́ọ̀ jáde, tó ní, "Ẹ wò ó, mà." Wọ́n sì wò ó! Wọ́n gbọn àwọn agbádá rẹ̀. Ìyá Àdúrà gbé ìrọ̀rí rẹ̀ símú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tèmi tọkọ mi, mo ní kí n pariwo pé ó tó gẹ́ẹ́, ẹnu mi kò ṣí. Wọn kò rí nǹkan kan. Bàbá Ìní sìn wọ́n dé títì bí a ti ń sin àlejò.

N kò fẹ́ràn ara mi lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Máàṣì

Kò jẹun lánàá, kò jẹun lónìí. Ó ń wúkọ́. Kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló le jù.

Níbi iṣẹ́ mo tún gbé fíìmù yẹn wò. Àfi bíi pé àárọ̀ yìí ló mu ún. Mo mọ ohun tí Dókítà sọ. Mo mọ̀ pé àmì lè wà lẹ́yìn tí ohun tó fà á ti lọ, èmi tí mò ń rí i lára ọ̀gẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀ èrò kan ti wọlé sí mi lórí láti ọjọ́ Ìsinmi, kò sì fẹ́ jáde. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Máàṣì

Ọjọ́ aṣọ fífọ̀. Oòrùn mú bí iná. Mo kó ẹ̀wù rẹ̀ kúrò lórí ìkọ́, mo gbé èyí tó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lánàá símú, mo gbóòórùn àpò rẹ̀. Mo tún gbóòórùn ọrùn rẹ̀. Òógùn ni, àti Rọ́ọ̀bù tó ń fi pa àyà. Kò sí nǹkan mìíràn. Ara tù mí.

Mo gbójú sókè. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kẹ́tùlù ààlùwálá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ náà, Títí?"

Mo ní mò ń wò ó bóyá ó dọ̀tí ni. Ẹ̀wù tí ọrùn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ó lọ ṣe ààlùwálá rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 15 Máàṣì

Ó jókòó síwájú ilé lórí àga ọ̀gbọ̀, lójú gbogbo ayé, ó ń mu sìgá. Ṣé ó rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́? Rárá, ó rìn dé ìsọ̀ fúnra rẹ̀, ó ra odidi páálí, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ti di náírà márùn-ún. Àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú èéfín lẹ́nu. Ìyá Àdúrà kọjá. Ó wò ó, ó wá wò mí lójú fèrèsé, ó ní, "Mo sọ bí?"

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ lọ bá níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, 22 Máàṣì

Àkọ́rọ̀ òjò. Ó rọ̀ gan-an, páànù ń pariwo, òórùn ilẹ̀ gba gbogbo ilé. Nígbà kan rí, àwa méjèèjì la jọ máa ń jáde lọ gbé garawa síta. Mo dá gbé e.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kó lù mí bó bá fẹ́, kó sáà ju nǹkan yẹn nù. Ó ní, "Dìde. Ilẹ̀ tutù." Mo ní ṣé ó ń bínú sí mi ni. Ó ronú sí i dáadáa, bó ti máa ń ronú sí ohun gbogbo.

"Rárá. Ó ti rẹ̀ mí ni. Àwọn yẹn lè ro ohun tó wù wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń fi hàn pé mo jáwọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Épírì

Iléyá. Kò ra àgbò. Ikọ́ náà ti yí ohùn padà, ìsàlẹ̀ àyà ló ti ń wá báyìí. Mo ní ká lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n wá wo kí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Épírì

Dókítà Mojíbọ́lá wá gba ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. N kò kìlọ̀ fún un ṣáájú, ojú ń tì mí. Ó bá Bàbá Ìní níwájú ilé pẹ̀lú sìgá láàrin ìka. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ń wo sìgá náà bí ẹni tó ṣìnà wọ ilé onílé.

"Ẹ má dààmú, Dókítà," Bàbá Ìní ní. Ó ti ń ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Ẹ fà á. Àárín àwọn tó ń mu lẹ máa kọ mí sí báyìí."

"Láti ìgbà wo, sà?"

"Láti ọjọ́ tí ìyàwó mi gbóòórùn ẹ̀wù mi."

Dókítà kò gbójú sókè. Ó so okùn mọ́ apá rẹ̀, ó wá iṣan, ó fa ẹ̀jẹ̀ náà. Ó rọra sọ fún un pé, "Bàbá, ó ń padà bọ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ọdún kan kéré ni. Ẹ ṣì lè tún bẹ̀rẹ̀." Bàbá Ìní dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó bu omi fúnni nígbà tí òùngbẹ kò gbẹni.

Nígbà tó yọ abẹ́rẹ́, mo sáré mú òwú, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀. Ọkọ mi ṣí ìka mi kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, láìbínú, ó sì tẹ òwú náà fúnra rẹ̀.